Láti Àkúrẹ́ dé Igbókòdá pẹ̀lú awò kan: adágún tí kì í ṣe omi

Ọjọ́bọ̀, Àkúrẹ́

Àbúrò mi obìnrin ra awò awọ̀nàjíjìn kan lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jápa, kò sì jẹ́ ká sinmi láti ìgbà náà. Awò ọ̀hún ò tóbi, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 114 mílímítà, èèyàn lè gbé e kọ́ èjìká wọ mọ́tò. Físíìsì lòun kà ní FUTA. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Jọ́gíráfì. Ohun tá a jọ fẹnu kò sí fún ìsinmi Kérésì yìí ni pé ká gbé e láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, Oǹdó àti Agbábù, títí dé etí omi ní Igbókòdá, ká máa wo òṣùpá plánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀n tó ń jẹ́ Titan lálaalẹ́, ká sì máa ṣàlàyé fún ẹni tó bá yà dúró. Yàtọ̀ sí ayé wa yìí, Titan nìkan ni ibi tá a tíì mọ̀ tí òjò ti ń rọ̀, tí odò ń ṣàn, tí adágún àti òkun sì wà lórí ilẹ̀ gbalasa. Ẹ̀kán omi kan kò sí nínú wọn ṣá o. Gáàsì ni wọ́n, methane àti ethane, tí òtútù sọ di ohun tó ń ṣàn.

Wọ́n mú iná lọ ní nǹkan bí aago méje alẹ́, àdúgbò sì ṣókùnkùn biribiri. Ojoojúmọ́ ni mò ń ráhùn nípa ọ̀rọ̀ iná yìí, àmọ́ lónìí mo dúpẹ́. Òṣùpá tiwa ò sí lókè, Sátọ̀n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣàn-án sí àtàrí wa. Òrùka rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ti tín-ín-rín lọ́dún 2025 yìí, ìlà kan lásán ló kù, torí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ sí wa. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra. Lórí ìlà yẹn gan-an, ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò jìnnà sí Sátọ̀n, la ti rí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan. Titan nìyẹn.

Bàbá tó ń gbé ilé kejì wá bá wa yọjú sí i. Wọ́n wò ó títí.

"Ṣé nǹkan bíńtín yìí lẹ torí ẹ̀ gbé gbogbo irin yìí síta?"

"Òun ni, sà," àbúrò mi dá wọn lóhùn. "Ó tóbi ju plánẹ́ẹ̀tì Mẹ́kúrì lọ, sà."

Kò parọ́. Láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, Titan tó 5,150 kìlómítà. Nínú gbogbo òṣùpá tó ń yí plánẹ́ẹ̀tì oòrùn wa po, Ganymede ti Júpítà nìkan ló jù ú lọ. Christiaan Huygens ará Nẹ́dálándì ló kọ́kọ́ rí i, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1655, pẹ̀lú awò tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ ara wọn ṣe. Èyí dùn mọ́ àbúrò mi nínú, ó ní ṣé mo rí i pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ó dín díẹ̀ ni Titan fi ń yí Sátọ̀n po, nítorí náà ibi tá a bá a lónìí kọ́ la ó bá a lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìdànrè

Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní ẹgbẹ̀ta. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa bí orúnkún mi ṣe gbà á. Nígbà tá a fi máa dókè, a ò rí ìlú nísàlẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ ti bò ó. À ń gbọ́ ohùn ọ̀kadà, a ò rí ọ̀kadà.

Bí Titan ṣe rí nìyẹn fún gbogbo ẹni tó wò ó ní ọ̀rúndún tó kọjá. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ nípọn ju tiwa lọ. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, methane tẹ̀ lé e, kùrukùru aláwọ̀ ọsàn sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú Voyager 1 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1980, bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn tí kò ní àmì kankan lójú ló yà ní fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú mìíràn, Cassini, dé ọ̀dọ̀ Sátọ̀n ní oṣù Keje ọdún 2004 lọ̀rọ̀ tó yí padà. Ó ti wà lọ́nà láti oṣù Kẹwàá ọdún 1997, ó sì gbé rédà dání, ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì rédíò síta, tó sì ń fi èyí tó padà wá mọ ohun tó wà níwájú. Rédà ò ka kùrukùru sí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kíní ọdún 2005, ẹ̀rọ kékeré tí Cassini gbé pọ̀n, tí wọ́n fi orúkọ Huygens sọ, já bọ́ sínú afẹ́fẹ́ Titan. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi rọra sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú páráṣúùtì. Ó gúnlẹ̀, ó ya fọ́tò, àwọn òkúta róbótó-róbótó sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Omi tó dì ni àwọn òkúta yẹn. Òtútù ibẹ̀ jẹ́ −179°C, omi sì ti le níbẹ̀ tó àpáta. Àbúrò mi tọ́ka sí ojú ọ̀nà kan lára òkè náà tí omi òjò ti máa ń ṣàn, tó ti gbẹ báyìí. Òkúta tó wà nínú rẹ̀ ò ní igun kankan. "Ohun tó ń ṣàn ló máa ń pa igun òkúta rẹ́, Bọ̀dá mi. Ẹni tó bá rí i níhìn-ín, tó tún rí i níbẹ̀, ó yẹ kó ti mọ̀."

Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ti fura. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2006 ni rédà Cassini wá kọjá lórí ìhà àríwá Titan, tó sì rí àbàwọ́n dúdú tó lé ní 75. Ibi tó bá rí gbágungbàgun máa ń dá ìgbì rédà padà. Ibi tó bá tẹ́jú tó ń dán, ṣe ló máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò ní í padà wá. Adágún ni wọ́n.

Lálẹ́, eruku ò jẹ́ ká gbádùn awò. A rí Titan fìrí, ó ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sátọ̀n díẹ̀ sí i. A sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Oǹdó

A padà sí Àkúrẹ́ láti wọ mọ́tò Oǹdó, a gba Owénà àti Bọ́lọ́rundúró kọjá. Níbì kan lójú ọ̀nà, wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, ká ṣí àpò. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá wa dúró fojú wo inú awò náà láti ẹnu tí kò yẹ, ó ní òun ò rí nǹkan kan, ó sì ní ká máa lọ.

Ilé àbúrò ìyá wa la sọ̀ sí, tá à ń pè ní Màmá Oǹdó. Ká tó bọ́ bàtà, iyán ti délẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tá a bá wá, ìdáná gan-an lọkàn wọn lọ.

"Gáàsì wo lẹ ní ó di omi? Ṣé irú èyí tí mò ń fi se ọbẹ̀?"

Àbúrò mi dìde, ó lọ mi sílíńdà tó wà nídìí ògiri. "Ẹ gbọ́, Mà. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ró nínú?"

Ó ń ró lóòótọ́. Ohun tí àwọn tó ń rọ gáàsì ń tà fún wa, propane àti butane ni. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n níta, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún un mọ́ inú irin, ó di ohun tó ń ṣàn bí omi. Bí a bá sì ṣí i, tí a tan iná sí i dáadáa fún wákàtí kan, ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ sílíńdà yẹn.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Màmá Oǹdó wí. "Ó máa ń làágùn. Ó tiẹ̀ máa ń tutù mọ́ni lọ́wọ́."

"Ẹ ṣeun, Mà. Ó ń hó nínú ibẹ̀ ni."

"Kí ló ń hó? Èmi ò daná sábẹ́ ẹ̀."

"Ooru inú ilé yìí ti tó iná fún un."

Màmá wo sílíńdà náà bí ẹni pé wọn ò rí i rí. Èmi náà rò ó. Bí butane bá ti kọjá òdo díẹ̀, ó ti hó. Propane máa ń hó ní −42°C, ethane ní −89°C, methane ní −161°C. Fún méjì tó gbẹ̀yìn yìí, ìdáná Màmá, yìnyín tó wà ní ṣóńṣó orí Kìlìmánjárò, àárín firíìsà tó dáa jù lọ ní ọjà, iná ni gbogbo wọn. Wọn ò lè dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí omi. Àmọ́ ní −179°C, methane ti di omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un mọ́ irin, bó bá sì fi díẹ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, dídì ni yóò dì. Ìdí nìyí tí Titan fi lè ní òkun rẹ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì ló wà níbẹ̀, òtútù rẹ̀ ló jẹ́ àjèjì sí wa.

Àwa gan-an ń ṣe irú omi yìí ní Nàìjíríà. Ní Bonny, láti 1999, wọ́n ń mú gáàsì ilẹ̀ tútù dé nǹkan bí −162°C kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ọkọ̀ òkun tó ń gbé e lọ sókè òkun. Methane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá ti di omi, àyè tó ń gbà á dín ní ìlọ́po 600. Ohun tó ń lọ nínú ikùn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn àti ohun tó wà nínú òkun Titan, ìdílé kan náà ni.

Màmá ò tíì tán. "Bí ẹnì kan bá wá ṣáná sí òkun yẹn ńkọ́?"

Gbogbo èèyàn ló ń béèrè èyí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Kò ní jó. Iná nílò ọ́síjìn, kò sì sí ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dáná ní Titan, ọ́síjìn ni yóò ra sínú sílíńdà, afẹ́fẹ́ ìta ni yóò sì fi ṣe gáàsì rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi mú ìbòrí orí wọn sọ̀. Wọ́n ní ayé kan wà tó dojú dé bẹ́ẹ̀, Àdùkẹ́ aládùúgbò àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Lálẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò tò sẹ́yìn awò náà. Titan ti jìnnà sí Sátọ̀n ju ti àná lọ, gbogbo wọn ló rí i. Mo sọ fún wọn nípa òkun mẹ́ta tó wà nítòsí òpó àríwá rẹ̀. Èyí tó tóbi jù, Kraken Mare, fẹ̀ tó nǹkan bí 400,000 kìlómítà níbùú lóròó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì Nàìjíríà. Ligeia Mare tó tẹ̀ lé e tó 126,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó adágún Victoria ti Ìlà-oòrùn Áfíríkà lọ́nà méjì. Ẹ̀kẹta ni Punga Mare. Orúkọ àwọn abàmì ẹ̀dá inú omi látinú ìtàn àtijọ́ ni wọ́n fi ń sọ àwọn òkun náà, orúkọ adágún ayé wa ni wọ́n sì ń fún àwọn adágún kéékèèké. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Kivu Lacus, láti ara adágún Kivu tó wà láàárín Rùwáńdà àti Kóńgò. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó yan orúkọ náà tiẹ̀ rò ó pé inú adágún Kivu tiwa yìí náà kún fún methane tó yọ́ sínú omi, tí Rùwáńdà sì ń fà á jáde láti fi ṣe iná mànàmáná.

Ọjọ́ Àìkú, Òrẹ̀ àti Agbábù

A jí ní kùtùkùtù. Ọ̀nà Òrẹ̀ kún fọ́fọ́ fún àwọn tó ń lọ sílé fún Kérésì, ṣùgbọ́n ọ̀kadà tá a gùn lọ sí Agbábù ò bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan pàdé. Ọyẹ́ mú gan-an. A dé ìdí kànga àtijọ́ náà, níbi tí páìpù irin ti yọrí látinú ilẹ̀. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ àwọn kànga níbẹ̀ láti wá epo. Ọ̀dà ni wọ́n bá, bítúmẹ̀nì tí wọ́n fi ń ṣe títì.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń lọ sóko ló fi ojú ibi tí ọ̀dà ti ń sun hàn wá, lẹ́bàá igbó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, ewé gbígbẹ àti ìyẹ́ ẹyẹ kan lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi igi gún un, igi ò wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gìgísẹ̀, ó gbà mí dúró.

"Ẹ dúró dọ̀sán," ni Bàbá wí. "Oòrùn ló ń jí i."

A dúró. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, ọyẹ́ ti ká kúrò, oòrùn ti mú. Igi kan náà ni mo mú, ibi kan náà ni mo gún. Ó wọlé, kò yára wọlé, ó sì fà nígbà tí mo yọ ọ́, ó fà gùn tó apá mi kó tó já. Àmì gìgísẹ̀ mi ti àárọ̀ ti pa dé. Ìyẹ́ ẹyẹ yẹn ti rì dé ìdajì. Ètí ọ̀dà náà ti yọ sórí ewé tútù kan tí kò kàn láàárọ̀.

Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ kíláàsì mi rí èyí. Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ló wà nínú methane, òun náà ló wà nínú ethane, propane, butane, kẹrosíìnì, òun náà ló pọ̀ jù nínú ọ̀dà. Methane ní kábọ́ọ̀nù ẹyọ kan, ethane ní méjì, propane ní mẹ́ta. Ti ọ̀dà ń lọ ní ọ̀pọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n so kọ́ra. Bí wọ́n ṣe ń gùn sí i ni wọ́n ń lọ́ra láti ṣàn. Fún ọ̀dà, ìyàtọ̀ àárọ̀ àti ọ̀sán ní Agbábù ti tó láti pín in láàárín òkúta àti ohun tó ń wọ́. Fún methane, ibẹ̀ kan náà gbóná ju ohun tó lè fara dà lọ.

Titan náà ní ohun wíwúwo tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń fọ́ methane sí wẹ́wẹ́ lókè afẹ́fẹ́ rẹ̀, àwọn ègé náà á so pọ̀ mọ́ra, wọ́n á di ethane àti àwọn nǹkan tó gùn jù ú lọ, wọ́n á sì máa rọ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni kùrukùru aláwọ̀ ọsàn yẹn ti wá. Ní àgbègbè agbedeméjì Titan, ohun dúdú yìí ti kó jọ di òkìtì iyanrìn tó gùn lọ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, àwọn kan sì ga tó 100 mítà. Èyí tó fúyẹ́ dúró sí òkun àríwá, èyí tó wúwo di aṣálẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń fọ́ methane yẹn, kò yẹ kó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, nítorí náà ó jọ pé nǹkan kan ń pèsè rẹ̀ láti inú ilẹ̀ Titan wá. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bó ṣe ń jáde.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí mi ò fẹ́ fò. Ọ̀dà Agbábù wá láti ara àwọn ohun abẹ̀mí tó ti kú láti ayébáyé. Ti Titan kò ní ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n wá béèrè pé kí ló dé tí àwọn òyìnbó ò lọ bù ú wá. Láti ìgbà bàbá tó bí wọn lọ́mọ làwọn kan ti ń wá wọn ọ̀dà Agbábù, tí wọ́n sì ń lọ. Mo gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ́rìn-ín. Ní 2008 ni wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ohun tó wà nínú adágún àti òkun Titan tó ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún gbogbo epo àti gáàsì tí a mọ̀ nínú ilẹ̀ ayé. Látìgbà náà ni àwọn oníròyìn ò ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "òkun epo" sinmi. Ó máa ń bí mi nínú. Ibi tó jìnnà sí oòrùn ju bílíọ̀nù kan kìlómítà lọ, ta ló fẹ́ lọ bu gáàsì níbẹ̀? Ohun tó yẹ ká fi ibẹ̀ kọ́ ni bí òjò, odò àti etíkun ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí omi ò sí nínú ọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ní Òrẹ̀, iná mọ́tò ò jẹ́ kí ọ̀run ṣókùnkùn, síbẹ̀ a rí i. Titan ti dé ibi tó jìnnà jù lọ sí Sátọ̀n. Bí a bá to Sátọ̀n mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó kàn án.

Ọjọ́ Ajé, Igbókòdá

A gba Òkìtìpupa dé etí omi. Ní èbúté Igbókòdá, ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò, àgbá epo, àpò sìmẹ́ńtì àti ẹja gbígbẹ. A jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Bí mo bá ń sọ òótọ́, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fi Igbókòdá sínú ìrìn-àjò yìí.

Bàbá atukọ̀ kan tó ń tún ọkọ̀ igi rẹ̀ ṣe lábẹ́ igi ló fún wa ní ibi ìjókòó. Kò sí ẹni tá a bá pàdé láti Àkúrẹ́ tó béèrè ìbéèrè tó mú tó tiwọn. Wọn ò béèrè bóyá ó ń jó, wọn ò béèrè bóyá owó wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe jìn tó?"

Mo sọ fún wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Cassini kọjá lórí Ligeia Mare, ó kọ rédà rẹ̀ sí i tààrà. Ohùn méjì ló padà wá, ọ̀kan láti ojú òkun, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n fi mọ ìjìn rẹ̀: nǹkan bí 160 mítà. Pé ohùn ti ìsàlẹ̀ tiẹ̀ padà wá rárá fi hàn pé omi ibẹ̀ mọ́ lóló, methane ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní àárín Kraken Mare, kò sí ohùn tó padà láti ìsàlẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé ó lè tó 300 mítà.

Bàbá mi orí. "Ọ̀pá wa ò kan ìyẹn."

"Ọkọ̀ yín gan-an lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe, Bàbá," àbúrò mi fi kún un. Omi methane ò wúwo tó ìdajì omi wa. Igi ìrókò tó ń léfòó ní Igbókòdá, ìsàlẹ̀ ló ń lọ níbẹ̀. Omi dídì náà á rì. Ọkọ̀ tó gbẹ́ ikùn ṣì lè léfòó, àmọ́ bó bá ń wọ omi ní ẹsẹ̀ bàtà kan níhìn-ín, á wọ nǹkan bí méjì níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga. "Bí ọkọ̀ bá sì dà nù, kò sí wíwẹ̀. Ara èèyàn ò ní léfòó."

"Ìgbì ńkọ́?"

Ìgbì tí Cassini bá níbẹ̀ ò ju mílímítà díẹ̀ lọ. Bàbá wo ojú omi tó wà níwájú wa, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dà rú, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹnì kan tó ń lọ sí Ayétòrò ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ayétòrò, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, wà ní ẹnu òkun gan-an, òkun sì ti gbé ilé, ojú ọ̀nà àti itẹ́ òkú lọ níbẹ̀. Ó ní òun ò gbà pé òkun kan wà tí kì í jẹ ilẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn onímọ̀ náà ti béèrè ohun tó ń béèrè yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwọn ọ̀mọ̀wé láti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí etí àwọn òkun Titan ṣe rí. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé etíkun tí ìgbì ń jẹ, èyí tó ń yọ́ kúrò fúnra rẹ̀ àti èyí tí nǹkan kan ò ṣe, wọ́n wá fi wọ́n wé àwòrán Cassini. Èyí tí ìgbì ń jẹ ló bá a mu jù. Ọkùnrin ará Ayétòrò náà ní òun ti sọ ọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Mo tún sọ fún Bàbá nípa erékùṣù tó ń pòórá. Ní oṣù Keje ọdún 2013, rédà rí nǹkan kan tó mọ́lẹ̀ lórí Ligeia Mare, níbi tí kò ti sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà tún kọjá, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní 2014 ó tún yọ, kò jọ ti àkọ́kọ́. Àwọn kan ní ìgbì ni, àwọn kan ní ìfófòó náítírójìn tó ń jáde látinú omi náà ni, àwọn kan ní nǹkan tó ní ihò nínú bíi kànrìnkàn ló ń léfòó, tó bá ti mu omi tán á rì.

"Ojú oró ni," ni Bàbá wí, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Mi ò jiyàn. Bí a bá yọ ti ewé kúrò níbẹ̀, kò jìnnà sí èrò kẹta yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀nà Àkúrẹ́

Ní Òrẹ̀ a wọ ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Bìní, ó ń lọ sí Àkúrẹ́. Iwájú la jókòó sí, awò náà wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Dírẹ́bà béèrè ohun tó wà nínú àpò. Àbúrò mi tó yẹ kó sùn ló bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó dé orí Dragonfly kí a tó dé Oǹdó. Ẹ̀rọ tó ń fò ni, ó ní abẹ́bẹ̀ mẹ́jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó mọ́tò, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, sì fẹ́ rán an lọ ní oṣù Keje ọdún 2028. Yóò dé Titan ní 2034. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nípọn ju tiwa lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ìwúwo nǹkan sì jẹ́ ìdá méje ti ayé, nítorí náà fífò ò le níbẹ̀ rárá. Dírẹ́bà ní ṣé òun ni yóò wá lọ wo òkun náà. Rárá o. Àríwá Titan yóò ti wọ ìgbà òtútù nígbà yẹn, oòrùn ò ní yọ níbẹ̀, ayé wa náà ò sì ní hàn láti ibẹ̀ tí ẹ̀rọ náà fi lè bá wa sọ̀rọ̀. Àárín òkìtì iyanrìn dúdú yẹn ni yóò bà sí, lẹ́bàá kòtò ńlá kan tó ń jẹ́ Selk. Ó dùn mí díẹ̀. Ọdún ibẹ̀ gùn tó ọdún 29 wa, ẹni tó bá fẹ́ kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àríwá tún padà, á dúró pẹ́.

"Gáàsì wo lẹ tiẹ̀ ní ó wà nínú òkun yẹn?" ni dírẹ́bà béèrè.

"Methane. Èyí tẹ́ ẹ rọ sí ẹ̀yìn mọ́tò yìí gan-an ni, sà."

Mo wẹ̀yìn. Mi ò tíì fojú sí i pé CNG lọkọ̀ náà ń lò. Dírẹ́bà ní bẹ́ẹ̀ ni, Bìní lòun ti rọ ọ́ láàárọ̀, ó sì dínwó ju pẹtiróòlù lọ. Àbúrò mi ṣàlàyé fún un pé wọn ò sọ tiẹ̀ di omi, wọ́n kàn fún un mọ́ inú sílíńdà ni, pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po 200 afẹ́fẹ́ tá à ń mí.

Obìnrin kan níjòókòó ẹ̀yìn gbọ́ "ìlọ́po 200." Ó béèrè bóyá òun lè bọ́ sílẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró. Dírẹ́bà bẹ̀ ẹ́ pé ọdún méjì lòun ti ń wa ọkọ̀ náà, nǹkan kan ò ṣe é rí, ó wá yíjú sí àbúrò mi, ó ní kó jọ̀ọ́, kó padà sórí ọ̀rọ̀ òṣùpá.